Òkú Ta Ni Fíìmù Kà? Hamlet ní Kashmir àti Ìjà Àwọn Òǹwòran

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ọdún 2014 ni fíìmù Haider jáde ní Íńdíà. Ọjọ́ ìbí Gandhi ni, ọjọ́ ìsinmi gbogbo orílẹ̀-èdè, tọmọdé tàgbà ló sì ń rọ́ lọ sí ilé sinimá. Fíìmù oníjà kan tí wọ́n ná owó gọbọi lé lórí, Bang Bang!, jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Síbẹ̀, kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ Haider fi gba ẹnu gbogbo èèyàn. Agbo méjì kọjú ìjà síra wọn lórí Twitter. Àwọn kan ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì fíìmù tó ba àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ baba wọn lórúkọ jẹ́. Àwọn kejì ní láti ìgbà tí àwọn ti ń wo fíìmù Mumbai, àwọn kò tíì rí èyí tó láyà tó bẹ́ẹ̀.

Hamlet sì ni fíìmù yìí o! Eré oníbànújẹ́ tí Shakespeare kọ fún orí ìtàgé Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1600, tí àwọn ọmọ ilé ìwé káàkiri ayé ń há sórí nítorí ìdánwò. Ta ni Hamlet tún lè bí nínú? Nígbà tí olùdarí fíìmù Michael Almereyda gbé e lọ sí New York ní ọdún 2000, tí òṣèré Ethan Hawke ń rìn láàárín àwọn pẹpẹ kásẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù Blockbuster, tó ń rò ó bóyá kí òun kú tàbí kí òun wà láàyè, àwọn kan gbádùn rẹ̀, àwọn kan ní kò wọ àwọn lára, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ti Haider kò parí síbẹ̀. Àwọn kan gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Allahabad. Pàkísítánì kò jẹ́ kí wọ́n gbé e jáde lọ́dọ̀ tiwọn rárá. Àwọn òǹwòran tó ń jà wọ̀nyí, kò sí èyí tó kàn nínú wọn bóyá olùdarí fíìmù náà bọ̀wọ̀ fún Shakespeare tàbí kò bọ̀wọ̀ fún un. Òkú ni wọ́n ń kà. Wọ́n fẹ́ mọ òkú ẹni tí fíìmù náà sunkún lé lórí, àti òkú ẹni tí ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò rí i.

Vishal Bhardwaj ló darí rẹ̀. Olórin tó ń ṣe orin fún fíìmù ni kó tó di olùdarí, Shakespeare kì í sì í ṣe àjèjì sí i. Ní ọdún 2003, ó sọ Macbeth di Maqbool, ìtàn àwọn ọ̀gá jàǹdùkú Mumbai. Ní 2006, ó sọ Othello di Omkara, ìtàn àwọn tọ́ọ̀gì olóṣèlú ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh. Wọ́n yin fíìmù méjèèjì dáadáa, kò sì sí ìjọ àwọn jàǹdùkú kan tó dìde pé wọ́n ba àwọn lórúkọ jẹ́. Ẹ̀kẹta ló wá gbé lọ sí Kashmir.

Láti 1947 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti pín ilẹ̀ náà sí Íńdíà àti Pàkísítánì ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ti ń fa Kashmir mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní nǹkan bí 1989, àwọn ọ̀dọ́ àfonífojì Kashmir gbé ìbọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìjọba Íńdíà gbé òfin kan wọ ibẹ̀ tó fún àwọn ọmọ ogun lágbára àrà ọ̀tọ̀: wọ́n lè mú èèyàn láìgba ìwé àṣẹ, wọ́n lè wó ilé, wọ́n lè yìnbọn pa ẹni tí wọ́n bá fura sí, ilé ẹjọ́ kò sì lè pe ọmọ ogun kankan lẹ́jọ́ àfi tí ìjọba àpapọ̀ bá fọwọ́ sí i. Ọdún 1995, ní àárín gbùngbùn rògbòdìyàn yẹn, ni Bhardwaj fi ìtàn rẹ̀ sí.

Ọmọ ọba ilẹ̀ Denmark di Haider, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Aligarh, tí Shahid Kapoor ṣe. Bàbá rẹ̀ kì í ṣe ọba, dókítà ni, Hilaal Meer lorúkọ rẹ̀. Dókítà yìí gbé olórí àwọn agbébọn kan wọ ilé rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, nítorí lójú tirẹ̀ aláìsàn ni aláìsàn ń jẹ́. Àwọn ọmọ ogun gbọ́. Wọ́n mú un lọ, wọ́n sì wó ilé náà lulẹ̀. Nígbà tí Haider fi máa dé láti ilé ìwé, ilé ti di àlàpà, bàbá ti dàwátì, ìyá rẹ̀ Ghazala sì wà lọ́dọ̀ Khurram, àbúrò bàbá rẹ̀, orin àti ẹ̀rín ló gbọ́ láti ìta. Òkú bàbá Hamlet tó ń rìn lóru náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ẹlẹ́ran ara ni níbí: Roohdaar, tí Irrfan Khan ṣe, ẹni tí òun àti dókítà jọ wà ní àtìmọ́lé. Òun ló jíṣẹ́ tí olóògbé fi rán an. Khurram ló da ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí Haider gba ẹ̀san.

Ìran kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà tí ẹnikẹ́ni tó dàgbà sí Kashmir nígbà náà mọ̀ dunjú. Wọ́n ti pe gbogbo ọkùnrin àdúgbò jáde nínú òtútù. Wọ́n tò, oníkálukú mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun dúró níwájú, ẹnì kan sì jókòó sínú rẹ̀ tó fi aṣọ bo gbogbo orí, ẹyinjú méjì péré ni ayé ń rí. Ọmọ àdúgbò ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọjá níwájú ojú méjèèjì yẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò kọjá. Ẹni tó bá mọ̀, fèrè ọkọ̀ yóò dún, wọn yóò sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dókítà Meer rìn dé iwájú. Fèrè dún. Àwọn òǹwòran Delhi àti Mumbai ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tiwọn ni. Ẹni tó bá wá láti Kashmir ń wo ohun tí bàbá rẹ̀ tàbí òun fúnra rẹ̀ ti là kọjá.

Ẹni tó mọ bí fèrè yẹn ṣe ń dún ló bá Bhardwaj kọ ọ́. Basharat Peer, akọ̀ròyìn ọmọ Kashmir, ti kọ ìwé Curfewed Night nípa bí òun ṣe dàgbà nínú ogun náà, kí òun àti Bhardwaj tó jọ dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí. Ó tilẹ̀ fara hàn nínú fíìmù náà fún ìgbà díẹ̀. Ó ṣe ọkùnrin kan tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ tí kò lè wọlé. Obìnrin ilé ń bẹ̀ ẹ́, kò mira. Ìgbà tí ẹnì kan wá bá a, tó tú u lára wò bí ọmọ ogun ṣe ń tú èèyàn wò, tó béèrè káàdì rẹ̀, tó sì ní kó máa wọlé, ni ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbé. Ìtàn kúkúrú tí Akhtar Mohiuddin, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Kashmir, kọ ni wọ́n ti fa ìran yẹn yọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ yìí mú ìṣẹ́jú méjì péré nínú gbogbo Haider, èyí ni yóò mú. Kò sí ìbọn níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò ta sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àyẹ̀wò ojú ọ̀nà lè wọ inú èèyàn lọ títí tí kò fi ní gbà pé ilé òun jẹ́ ti òun mọ́.

Ohun mìíràn wà tó kan àwọn ará Kashmir nínú rẹ̀, ìyẹn sì ni ọ̀rọ̀ àwọn tó dàwátì. Ìdajì opó ni wọ́n ń pe obìnrin tí àwọn agbófinró mú ọkọ rẹ̀ lọ tí kò sì padà. Kò rí òkú sin, kò lè ṣọ̀fọ̀, kò lè pín ogún, kò lè fẹ́ ẹlòmíràn. Ní 1994, Parveena Ahangar, ìyá tí wọ́n mú ọmọ rẹ̀ lọ ní 1990, kó irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn òbí àwọn tó dàwátì sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní àwọn tó dàwátì lé ní 8,000. Iye tí ìjọba ń pè kò sún mọ́ ọn. Nínú fíìmù náà, Haider dara pọ̀ mọ́ irú àwọn ẹbí yìí, òun náà sì ń wá bàbá rẹ̀ láti àgọ́ ológun kan dé òmíràn, láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn. Kí Haider tó jáde, ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn obìnrin wọ̀nyí yóò lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jókòó ìwọ́de ní Srinagar, ìlú ńlá Kashmir. Nísinsìnyí wọ́n wà lójú sinimá, nínú fíìmù tí òṣèré olókìkí ń ṣe.

Kì í ṣe gbogbo ará Kashmir ló tẹ́wọ́ gbà á o. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013, nígbà tí wọ́n ń ya ìran kan ní ọgbà Yunifásítì Kashmir, àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù kọ́ ibùdó ológun síbẹ̀, wọ́n sì ta àsíà Íńdíà sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya bò wọ́n, igbe òmìnira gba gbogbo ọgbà, iṣẹ́ dúró. Lójú olùdarí, ohun èlò eré ni àsíà náà. Lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àsíà ni.

Nígbà tí fíìmù wá jáde, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn kò rí ibi wò ó. Ní 2014, kò sí ilé sinimá kan tó ṣí ní gbogbo àfonífojì Kashmir. Bí ogun ṣe bẹ̀rẹ̀ ni àwọn agbébọn ti halẹ̀ mọ́ àwọn onísinimá pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ogun wá gba díẹ̀ nínú àwọn gbọ̀ngàn ńlá náà, wọ́n sọ wọ́n di bárékè. Ní 1999, wọ́n gbìyànjú láti ṣí mélòó kan padà. Ẹnì kan ju bọ́ǹbù àfọwọ́jù sí ilé sinimá Regal ní Srinagar, ẹ̀mí bọ́ níbẹ̀, Regal sì tún tì. Bhardwaj kò fi ìtàn yìí pamọ́. Nínú Haider, gbọ̀ngàn sinimá kan ti di ilé àwọn ológun, àwọn ọmọkùnrin méjì tó sì ń ta fídíò, tí wọ́n fẹ́ràn Salman Khan dé ibi pé wọ́n ń múra bí i rẹ̀, ni wọ́n fi rọ́pò Rosencrantz àti Guildenstern, àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀ inú Hamlet. Níbi tí sinimá ti kú, kásẹ́ẹ̀tì ló kù.

Omi tún dá kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, kò tíì pé oṣù kan sí ọjọ́ tí fíìmù jáde, odò Jhelum kún, ó sì bo Srinagar mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń fa ẹrẹ̀ jáde nínú pálọ̀ rẹ̀ kò ní sáré tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó lówó ọkọ̀ rìn dé Jammu tàbí Delhi, àwọn tó ń kàwé níta wò ó níbẹ̀, àwọn yòókù dúró de ìgbà tí ẹ̀dà rẹ̀ dé orí kọ̀ǹpútà. Nínú oṣù Kẹwàá yẹn kan náà, àwọn òǹwòran ní àjọ̀dún fíìmù Róòmù dìbò yan Haider fún ẹ̀bùn tí àwọn òǹwòran fúnra wọn ń fúnni. Inú ẹni dùn sí i fún àwọn tó ṣe fíìmù náà. Ṣùgbọ́n ó ń dunni pé ará Róòmù rí àyè dìbò lé ìbànújẹ́ Srinagar lórí nínú gbọ̀ngàn tó tutù nini, kí ọ̀pọ̀ ará Srinagar tó rí i rárá. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni ilé sinimá ìgbàlódé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sí ìlú náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àwọn tí inú bí. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Íńdíà ti ní kí wọ́n gé nǹkan 41 kúrò nínú Haider kó tó lè jáde. Wọ́n gé e. Síbẹ̀, ibùdó ìfìyàjẹni tí wọ́n pè ní MAMA 2 ṣì wà nínú rẹ̀, gbogbo Kashmir sì mọ̀ pé Papa 2 ni wọ́n ń bá wí, ilé kan ní Srinagar tí orúkọ rẹ̀ máa ń mú kí ara àwọn àgbàlagbà gbọ̀n. Ìran Lal Chowk, ojúde ọjà ní Srinagar, náà wà níbẹ̀: Haider ti fá orí kodoro, ó so okùn mọ́ ọrùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún, ó sì ń ka òfin àwọn ológun jáde láàárín ọjà bí wèrè, àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nínú Hamlet, wèrè ọmọ ọba ló ń dẹ́rù ba ààfin. Níbí, òfin tí wèrè ń kà ló ń ba èèyàn lẹ́rù.

Ẹni tó bá ní kí àwọn tó kọ fíìmù náà sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ ogun pa ẹnu mọ́ kò ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ láti abúlé tálákà ní Íńdíà ló wọ aṣọ ológun lọ sí Kashmir tó jẹ́ pòsí ló gbé wọn padà wálé. Ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wo Haider, ọmọ ogun tó ń fìyà jẹni ló rí, kò rí ọmọ tirẹ̀. Bhardwaj àti àwọn ènìyàn rẹ̀ náà mọ̀ pé ìbínú yìí ń bọ̀. Ní ìparí fíìmù náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sójú sinimá láti kí àwọn ọmọ ogun Íńdíà pé wọ́n ṣe bí akọni nínú ìkún omi Kashmir, wọ́n gba ẹ̀mí ẹgbẹẹgbẹ̀rún là. Òótọ́ ni, àwọn ọmọ ogun gba èèyàn là lóṣù yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tu àwọn tó ń bínú lójú, ó sì bí ọ̀pọ̀ ará Kashmir nínú, tí wọ́n rí i bí owó orí tí fíìmù náà san kí wọ́n lè jẹ́ kó kọjá.

Ẹ̀dùn ọkàn àwọn Pandit tún yàtọ̀. Àwọn Híńdù ilẹ̀ Kashmir ni wọ́n, ọmọ bíbí àfonífojì náà láti ayébáyé. Ní 1990, nígbà tí àwọn agbébọn ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tí ìkìlọ̀ sì ń dún, ìdílé lẹ́yìn ìdílé di ẹrù lóru, wọ́n sá lọ sí Jammu àti Delhi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú àgọ́. Haider fi ìtàn rẹ̀ sí ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ wọn kò sì jù gbólóhùn tó kọjá wéré lọ nínú rẹ̀. Èyí tó wá dùn wọ́n jù ni orin Bismil. Ibẹ̀ ni Bhardwaj fi eré inú eré sí, níbi tí Hamlet ti ń fi ìṣeré ká àbúrò bàbá rẹ̀ mọ́. Haider jó o níwájú Khurram àti ìyá rẹ̀, òun àti àwọn oníjó, pẹ̀lú ọmọláńgidi ńláńlá. Àrà ni ijó náà. Ó gba ẹ̀bùn orílẹ̀-èdè fún orin kíkọ àti fún ijó. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti jó o ni àlàpà tẹ́ńpìlì Martand, tí ọba Lalitaditya kọ́ fún òrìṣà oòrùn ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ. Àwọn Pandit ní: ẹ ò sọ bí wọ́n ṣe lé wa kúrò nílé, ẹ wá sọ ilé òrìṣà wa di ibi tí èṣù ti ń jó. Kò sí àwáwí tó lè pa ẹ̀sùn yìí rẹ́. Fíìmù kan kò lè sọ ìtàn gbogbo ènìyàn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n fíìmù tó ní òun ń ka òkú Kashmir kò gbọdọ̀ lo ilé àwọn kan láìdárúkọ òkú tiwọn.

Àwọn tó sì mọ Shakespeare dáadáa ń kó ẹnu lé Ghazala. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Nínú Hamlet, ìyá náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú Haider, tí Tabu, tó ṣe Ghazala, bá ti wọlé, gbogbo ìran di tirẹ̀. Ìyá àti ọmọ ń wo ara wọn lọ́nà tó mú kí àwọn òǹwòran kan máa yí ara padà lórí ìjókòó, Tabu ò sì fi ju bí ọdún mẹ́wàá lọ dàgbà ju Shahid Kapoor. Ṣé obìnrin yìí fẹ́ràn àbúrò ọkọ rẹ̀ kí ọkọ tó dàwátì? Ṣé ó mọ̀ pé Khurram ló da ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Fíìmù náà kò dáhùn ní tààrà. Àwọn kan pè é ní aṣẹ́wó, àwọn kan sunkún fún un.

Nǹkan kan yẹ ká rántí níbí, nítorí pé ilẹ̀ Nàìjíríà ló ti ṣẹlẹ̀. Laura Bohannan, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí láàárín àwọn Tiv, jókòó ti àwọn àgbà abúlé kan nígbà òjò, wọ́n ń mu ọtí, ó sì sọ ìtàn Hamlet fún wọn. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1966. Ọkàn rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ìtàn náà yóò bínú sí ìyá tó fẹ́ àbúrò ọkọ. Àwọn àgbà Tiv ní ó ṣe é re. Ta ni yóò máa bá opó roko? Ọ̀rọ̀ òkú tó ń rìn ni wọn kò gbà, wọ́n ní iṣẹ́ àjẹ́ ni. Yorùbá náà mọ opó ṣíṣú, kò sì sí àgbà tí orí rẹ̀ pé tí yóò bú obìnrin nítorí pé àbúrò ọkọ ṣú u. Ohun tí àgbà Yorùbá yóò bi Khurram ni pé: òkú dà? Ẹnì kan kì í ṣú opó nígbà tí wọn kò tíì fi sàréè ọkọ han ẹbí. Ibi tí ìbínú Haider ti wá gan-an nìyẹn, ó sì bá Kashmir mu ju Denmark lọ, nítorí Denmark ṣe ìsìnkú ọba rẹ̀.

Ní Srinagar, àríyànjiyàn tó jinlẹ̀ jù lọ kò ti ẹnu àwọn tó ní fíìmù náà burú wá. Àwọn tó yìn ín ló gbé e dìde. Wọ́n ní ìtàn Hamlet fúnra rẹ̀ ni ìṣòro. Hamlet ní láti ní àbúrò bàbá tó ń jowú, tó fẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nítorí náà, nínú Haider, ìdí tí dókítà fi kú wá jẹ́ pé Khurram ń wo Ghazala. Ṣùgbọ́n dókítà tí wọ́n mú ní Kashmir ní 1995, kò nílò àbúrò tó ń jowú. Òfin wà, ibùdó wà, aṣọ ìbòjú wà. Wọ́n ní fíìmù náà fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ó ṣòro láti ta kò wọ́n pátápátá. Síbẹ̀, wọ́n yẹ kí wọ́n rò ó pé láìsí ìjà ẹbí yẹn, kò sí Hamlet, láìsí Hamlet, kò dájú pé Mumbai yóò ná owó sórí ìtàn àwọn tó dàwátì, tàbí pé àjọ tó ń gé fíìmù yóò dúró lórí 41.

Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà, ni Ola Rotimi gbé The Gods Are Not to Blame jáde ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣèré Orí Olókun. Ìtàn Oedipus ti àwọn Gíríìkì ni, ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ Yorùbá, ó sì fi bá Nàìjíríà wí pé kí a yé di ẹ̀bi ìpànìyàn wa ru àwọn alágbára òkèèrè. Kò dárúkọ ogun náà lórí ìtàgé. Àwọn tó wò ó mọ̀.

Ó wá ku ìparí Haider, ibi tí Bhardwaj ti fi Shakespeare sílẹ̀ pátápátá. Ní ìparí Hamlet, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èèyàn ló kú, ọba pẹ̀lú. Níbí, Khurram àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ká Haider mọ́ inú ilé kan ní itẹ́ òkú, òjò dídì bo ilẹ̀, àwọn arúgbó tó ń gbẹ́ sàréè ń bá wọn yìnbọn. Ghazala wá bẹ ọmọ rẹ̀. Bàbá àgbà Haider ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀san kò bí nǹkan kan àfi ẹ̀san. Ìyá tún un sọ. Haider fàáké kọ́rí. Ghazala jáde, ó ṣí ẹ̀wù rẹ̀, bọ́ǹbù ló so mọ́ra. Lẹ́yìn ìbúgbàù náà, Khurram wà láàyè, kò ní ẹsẹ̀ mọ́, ó ń bẹ Haider pé kó pa òun. Haider na ìbọn sí i, ó ronú, ó gbé ìbọn kúrò, ó sì rìn lọ.

Ọ̀pọ̀ òǹwòran ní Íńdíà pàtẹ́wọ́ fún ìparí yìí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àlàáfíà ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Kashmir kò fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdí kan náà gan-an: ẹni tí wọ́n pa bàbá rẹ̀ ni wọ́n tún ní kó dárí jì, ẹni tó pàṣẹ kò bẹ̀bẹ̀. Ojú méjèèjì ni ó yẹ ká fi wò ó. Kò rọrùn láti gbé Hamlet kan jáde níbi tí ọmọ náà ti ní òun kò ní pa á, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ọdún tí àwọn òǹwòran ti ń dúró de idà rẹ̀. Ìgboyà olùdarí náà pọ̀ níbẹ̀ ju ní Lal Chowk lọ. Ṣùgbọ́n ta ni Haider dá sí? Àbúrò bàbá rẹ̀ nìkan. Ọ̀gágun tó ní kí wọ́n wó ilé dókítà lulẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè títí fíìmù fi parí. Kò sí ilé ẹjọ́, kò sí ìgbìmọ̀, kò sí ẹni tó ṣí ìwé MAMA 2 wò. Haider jáde kúrò ní itẹ́ òkú, ojú sinimá dúdú, ọ̀rọ̀ tó ń kí àwọn ọmọ ogun sì jáde, níwájú àwọn òǹwòran tí àwọn kan nínú wọn ti ń dìde láti wá ọkọ̀ lọ sílé.